Kòkòrò ojú pupa bo igi ẹ̀yìn ilé wa ní Ohio: ṣé eéṣú ni?

BàbáFọlákẹ́_Ohio
19 Oṣù Karùn-ún 2025, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa kòkòrò, ẹ jọ̀wọ́.

Ìlà-oòrùn Cincinnati la wà, a ò tíì pé ọdún méjì níbí. Láti bí ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ti ń rí ihò lábẹ́ igi óákù ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Ihò tí ìka ọwọ́ á wọ̀ ni, ó sì pọ̀ débi pé ẹ ò lè gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀ kí ẹ má tẹ méjì mẹ́ta. Mo ní eku ni. Lánàá, òjò rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ òní, kòkòrò ti bo igi náà láti ìdí dé ibi tí ojú mi rí i dé. Ara wọn dúdú, ojú wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, iṣan inú ìyẹ́ wọn sì ní àwọ̀ èèpo ọsàn. Awọ gbígbẹ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ wà lára ògiri, lára táyà mọ́tò, kódà lára aṣọ tí ìyàwó mi sá.

Bàbá àgbà tó jẹ́ aládùúgbò wa ní "locust" ni, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí wọn. Ohun tí Bíbélì wa pè ní eéṣú nìyẹn, àbí? Ìyàwó mi gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ilá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Èmi gbin igi ápù méjì àti píìsì kan lọ́dún tó kọjá, wọn ò tíì ga jù mí lọ. Mo sáré lọ sí ilé ìtajà kan, wọ́n ta oògùn apakòkòrò gálọ́ọ̀nù méjì fún mi, wọ́n ní kí n fọ́n ọn sára gbogbo ohun tó bá ní ewé. Ó ṣì wà nínú ike rẹ̀. Fọlákẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò lọ sílé-ìwé lónìí. Ó ní òun ò ní gba ìdí igi yẹn kọjá.

Kí n fọ́n ọn àbí kí n má fọ́n ọn?

ÌyáÌbejì_Bowie
19 Oṣù Karùn-ún, 9:03 alẹ́

Ẹ má fọ́n ọn o! Bàbá Fọlákẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé oògùn yẹn padà lọ́la kí wọ́n dá owó yín padà fún yín.

Ohun tí ojú yín ń rí yìí, ojú wa rí i ní Maryland ní 2021. Kì í ṣe eéṣú. Sìkédà ni wọ́n ń pè é. Kò ní jẹ ewé ewédú kan ṣoṣo. Kì í buni jẹ, kì í tani. Ọmọ ọdún mẹ́rin làwọn ìbejì mi nígbà náà. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n sunkún, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta wọ́n ti ń ṣà á sínú abọ́, wọ́n ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Ariwo ló le níbẹ̀. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fún wọn ní bí ọjọ́ márùn-ún sí i. A ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò mi lábẹ́ kánópì lẹ́yìn ilé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Oṣù Kẹfà. Pásítọ̀ ń pe orúkọ ọmọ, ẹni tó jókòó ní ìlà kejì kò gbọ́. Ńṣe la kó gbogbo èrò wọlé kí ìyá àgbà tó lè sọ orúkọ tí òun fún ọmọ. Tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ máa gbá wọn kúrò nídìí igi lójoojúmọ́, nítorí òórùn wọn burú.

TíṣàKòkòrò
19 Oṣù Karùn-ún, 10:47 alẹ́

Màmá Ìbejì ti sọ ojú abẹ níkòó. Kòkòrò niṣẹ́ tí mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Eéṣú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń rún ewé. Sìkédà kò ní in. Ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ oníhò, inú igi ló ń tì í bọ̀, omi tí igi ń fà láti inú ilẹ̀ ló ń mu. Àṣìṣe orúkọ yẹn ti pẹ́. Ní 1634, àwọn Òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Plymouth dó ní Massachusetts rí i tí kòkòrò ńláńlá ń tú jáde láti inú ihò ilẹ̀, tí gbogbo igbó sì ń dún. William Bradford, tó ṣe gómìnà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí Bíbélì bá kún orí rẹ̀ tó sì rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyọnu Íjíbítì ló máa wá sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ eéṣú ṣe lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdílé kòkòrò tó jáde lọ́dún náà gan-an ló wà lẹ́yìn ilé yín báyìí. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1634 sí 2025 jẹ́ ọdún 391. Ẹ fi 17 pín in. Ìgbà 23 ni, kò lé, kò dín.

Nítorí ọdún 17 ni wọ́n ń lò nínú ilẹ̀, Bàbá Fọlákẹ́. 2008 ni ìyá wọn yé wọn sórí igi yẹn. Ó ní ohun kan nídìí tó mú bí ayùn, ó fi la ẹ̀ka tí kò nípọn ju pẹ́ńsù lọ, ó sì to ẹyin sínú ojú rẹ̀. Abo kan lè yé tó 500. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ọmọ tí kò tóbi ju èèrà lọ á já bọ́ sílẹ̀, á gbẹ́lẹ̀ wọlé, á wá gbòǹgbò tó máa fi ẹnu mọ́. Ibẹ̀ ló máa wà. Omi tó ń mu yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán. Àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ara rẹ̀ ló ń ṣe èròjà tí omi náà kò ní fún un, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà. Á pààrọ̀ awọ lẹ́ẹ̀mẹrin nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni èyí tó bọ́ sára aṣọ ìyàwó yín.

Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà kò ní irú yìí, Yúróòpù kò ní in, Áfíríkà kò ní in. Ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà nìkan ló wà. Irú mẹ́ta ń lo ọdún 17, irú mẹ́rin ń lo ọdún 13. Gbogbo wọn kì í jáde lọ́dún kan náà, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n. Charles Marlatt ló fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ní 1898. Tiyín ni Ọ̀wọ́ Kẹrìnlá. Ti Màmá Ìbejì ni Ọ̀wọ́ Kẹwàá, tó jáde ní 2004 àti 2021, tó ń bọ̀ ní 2038.

Ní ti oògùn: ẹ pa 1,000 lónìí, 1,000 mìíràn á fò wá lọ́la láti ilé aládùúgbò. Oyin ni oògùn náà máa pa ní àparun, àti ẹyẹ tó bá ṣa òkú wọn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi igi kékeré mẹ́ta yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ra àwọ̀n tí ojú ihò rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ fi bò wọ́n lódindi, ẹ so ẹsẹ̀ àwọ̀n mọ́ ìdí igi. Ẹ ṣì ní bí ọ̀sẹ̀ kan, abo kì í yé ẹyin lọ́jọ́ tó bá jáde.

BàbáFọlákẹ́_Ohio
19 Oṣù Karùn-ún, 11:05 alẹ́

2008! SS2 ni mo wà ní Òṣogbo lọ́dún náà. Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe wéèkì ni àwọn nǹkan yìí ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yìí?

Oògùn ń padà lọ láàárọ̀. Mo ti sanwó àwọ̀n. Ẹ ṣé gan-an, Màmá Ìbejì. Ẹ ṣé, Tíṣà.

Àgbẹ̀Kókó_Ìkirè
20 Oṣù Karùn-ún, 6:18 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Oko ni mo wà tí mo ń ka èyí. Kòkòrò yìí kò ṣàjèjì sí wa nílé. Bí ọ̀yẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí ooru dé, tí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ ó gbọ́ ohun kan tó ń han lórí igi nínú oko kókó bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ irin. Bí ẹ bá wá a, ẹ ò ní rí i. Awọ rẹ̀ lẹ máa rí lára igi, ẹ̀yìn rẹ̀ là, inú rẹ̀ ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì di igi mú. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń gbé e kọ́ àyà ẹ̀wù bíi báàjì.

Ṣùgbọ́n ọdọọdún la ń gbọ́ tiwa. Ọdún 17 yìí ni kò yé mi. Èsúnsún náà máa ń tú jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òjò ló ń pè é. Ta ló ń pe èyí? Ta ló ń ka ọdún fún un nínú òkùnkùn?

TíṣàKòkòrò
20 Oṣù Karùn-ún, 7:30 alẹ́

Bàbá Àgbẹ̀, ẹ kú oko o. Ìbéèrè yín kì í ṣe kékeré.

Ti ilé wa náà ń pẹ́ nínú ilẹ̀, kì í ṣe ọdún kan ló ń lò. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de ara wọn. Bí ti ọdún yìí ṣe ń jáde, ti ọdún tó ń bọ̀ àti ti ọdún kẹta ṣì wà nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ wọn lọ́dọọdún. Irú sìkédà tó wà láyé lé ní 3,000, ìwọ̀nba ló ń pa ọdún mọ́ bí ti Amẹ́ríkà yìí.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọdún: Richard Karban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis kó ọmọ sìkédà tó ti lo ọdún 15 nínú ilẹ̀, wọ́n gbé wọn sídìí igi píìsì. Wọ́n wá fọgbọ́n mú kí igi píìsì náà wọ́wé kó sì tún rúwé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ṣoṣo. Kòkòrò jáde ní ọdún 16. Wọ́n ti ka ọdún tí kò sí mọ́ ọn. Igi ni wọ́n ń kà! Bí igi bá sùn nígbà òtútù tó sì jí nígbà ooru, adùn omi tó ń gba gbòǹgbò rẹ̀ á yí padà, ẹni tó fẹnu mọ́ gbòǹgbò á mọ̀. 2000 ni wọ́n gbé àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde. Bí wọ́n ṣe ń rántí pé ó ti pé 17 nìkan ni ẹnì kankan kò tíì rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ọdún bá ti pé, ilẹ̀ ló ń mú ọjọ́. Bí ilẹ̀ bá móoru dé 64 ní ìwọ̀n Fahrenheit, ní bí ínǹṣì mẹ́jọ sísàlẹ̀, wọ́n á jáde, àgàgà tí òjò díẹ̀ bá rọ̀. Nítorí náà òjò wà nínú ọ̀rọ̀ náà, Bàbá Àgbẹ̀, ẹ ò jìnnà.

Ìdí tí wọ́n fi ń jọ jáde, ẹ̀yin tí ẹ mọ èsúnsún mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kòkòrò yìí kò mọ eré sá, kò ní oró, kò ní eyín. Ẹyẹ ń jẹ ẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́, ejò ń lọ dúró dè é nídìí igi. Ṣùgbọ́n lórí éékà ilẹ̀ kan wọ́n lè tó mílíọ̀nù 1.5. Gbogbo ẹnu tó wà nínú igbó á yó dé gọ̀ǹgọ̀, àwọn tó ṣẹ́ kù á sì rí ààyè gùn, wọ́n á yé. Àwọn tó bá ṣi ọdún kà tí wọ́n jáde ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ẹgbẹ́ wọn, ẹyẹ á ṣà wọ́n tán.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chicago
20 Oṣù Karùn-ún, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ kí a má kàn máa yìn ín. Tiwa jáde lọ́dún tó kọjá níhìn-ín, Ọ̀wọ́ Kẹtàlá. Mo ní igi ṣẹ́rì mẹ́rin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ sílẹ̀, n ò bò wọ́n, ẹnì kankan kò sọ fún mi. Wọ́n la gbogbo ẹ̀ka wọn bí ìgbà tí ènìyàn fi abẹ fín in. Méjì kú. Nítorí náà, Bàbá Fọlákẹ́, àwọ̀n yẹn, ẹ má dúró di ọ̀la.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gé koríko lọ́sàn-án. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ agékoríko bí ohùn ẹgbẹ́ wọn, gbogbo wọn ló ń wá bà léni lórí. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ gé e.

Ọ̀wọ́ méjì ló jáde pọ̀ ní Illinois lọ́dún náà o, tiwa ti ọdún 17 àti Ọ̀wọ́ Kọkàndínlógún ti ọdún 13, tó wà ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ jáde kẹ́yìn ni 1803, Thomas Jefferson ni ààrẹ. Ó di 2245 kí ó tó tún ṣẹlẹ̀. Ẹ fi 13 sọ 17 di púpọ̀, ọdún 221 ni.

TíṣàKòkòrò
20 Oṣù Karùn-ún, 9:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ nítorí igi yín, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni: igi ńlá kò ní kú, orí ẹ̀ka rẹ̀ nìkan ló máa gbẹ, tí á sì tún hù. Igi tí kò tíì ní ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Washington ní 2021 tí àwọn onímọ̀ kọ sínú ìwé ìròyìn Science ní 2023. Ẹyẹ tó lé ní 80 oríṣi pa oúnjẹ wọn tì, sìkédà ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé óákù wá rí àlàáfíà, wọ́n di ìlọ́po méjì, ewé óákù sì jìyà. Sìkédà kò fẹnu kan ewé, síbẹ̀ ewé já.

BàbáFọlákẹ́_Ohio
22 Oṣù Karùn-ún, 11:38 alẹ́

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, à á rí ìfun inú rẹ̀. Lálẹ́ yìí, èmi àti Fọlákẹ́ gbé àpótí jókòó sídìí igi náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ kí ó tó gbà láti jáde, ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ sá sí.

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni ọ̀kan yọrí nínú ihò. Àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, ọwọ́ iwájú rẹ̀ dà bí ti alákàn. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí igi, ó gùn ún dé ìwọ̀n orí Fọlákẹ́, ó fi èékánná kọ́ èèpo igi, ó sì dúró síbẹ̀. A rò pé ó ti kú. Ìgbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ là tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi tí èèpo rẹ̀ fẹ́ bọ́. Ohun funfun kan ń wú bọ̀ láti inú rẹ̀, ó funfun bí ẹ̀kọ tútù, ojú pupa méjì, àmì dúdú méjì lẹ́yìn orí. Ó dà sẹ́yìn, orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ló ṣì wà nínú awọ. Fọlákẹ́ sáré na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa já. Kò já. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe so rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọmọ mi ò sì gbé ọwọ́ kúrò. Lójijì ó ká ara rẹ̀ sókè, ó di orí awọ ara rẹ̀ mú, ó fa ìdí yọ. Ìyẹ́ rẹ̀ rún bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lómi gbígbóná. Ojú wa ni ó ṣe ń nà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gùn ju ara rẹ̀ lọ, tí ó sì mọ́ gaara tí a ń rí èèpo igi láti inú rẹ̀.

Fọlákẹ́ ní, "Dádì, ṣé kò rí iná rí?" Mo ní kò rí i rí, láti ìgbà tó ti wọlẹ̀. Ó ní kí n pa tọ́ọ̀ṣì, kí ojú má bàa ro ó.

ÌyáÌbejì_Bowie
23 Oṣù Karùn-ún, 6:50 àárọ̀

Ọlọ́run á bá wa wo Fọlákẹ́ o. Ọmọ dáadáa.

Bàbá Fọlákẹ́, ẹ sọ ìtàn Benjamin Banneker fún un. Ilé-ìwé ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ mi. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, wọ́n bí i ní 1731 nítòsí Baltimore níbí. Áfíríkà ni wọ́n ti kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú wá, kó tó gba òmìnira. Oko tábà ni Banneker ń ro, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ títí ó fi ń tẹ àlímánáákì jáde. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní 1749, nígbà tí òun tó bí ọmọ ọdún 17, òun rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lórí igi, òun rò pé wọ́n wá jẹ irè oko run ni, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, kò pẹ́ tí òun fi rí i pé làálàá asán ni. Ó tún rí wọn ní 1766. Ó tún rí wọn ní 1783. Ó wá kọ ọ́ pé kí a máa retí wọn ní 1800. Wọ́n sì dé. Àwọn yẹn ni baba ńlá èyí tí èmi àti àwọn ìbejì rí ní 2021.

Bí mo bá ń gbá òkú wọn nídìí igi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni mo ń rò. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí yunifásítì, ó ń sàmì ọdún.

ỌmọÀyàn_London
25 Oṣù Karùn-ún, 2:22 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o. Ìlù ni mò ń lù, ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Kòkòrò tí kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ, báwo ló ṣe ń dá ìkómọ rú? Kí ló ń lù?

TíṣàKòkòrò
25 Oṣù Karùn-ún, 8:05 alẹ́

Ọmọ Àyàn, ìbéèrè tó dára. Akọ nìkan ló ń dún. Ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ní awọ líle kan tó ní ìlà tó yọ sókè lára. Kò sí ọ̀pá tó ń lù ú. Iṣan kan ló ń fà á wọlé láti inú, awọ á tẹ̀, á ta pá. Iṣan á dẹwọ́, awọ á padà síta, á tún ta pá. Ẹ mú ìdérí agolo, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì jù ú sílẹ̀, ohùn tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn. Ó ń ṣe èyí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ikùn akọ sì ṣófo bí inú igi ìlù, ibẹ̀ ni ohùn ti ń gbòòrò. Bí wọ́n bá péjọ sórí igi kan, ohùn wọn lè sún mọ́ 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì.

Irú kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ti ọdún 17, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ó ń fa ohùn gígùn kan lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lópin. Àwọn Amẹ́ríkà ní "Fáráò" ló ń pè. Abo kì í kọrin. Bí orin akọ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ta ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni ta ìka, ní kété tí akọ bá rẹ ohùn sílẹ̀. Akọ á yí sí apá ibẹ̀, á tún pè. Onílù ń pè, oníjó ń dáhùn.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chicago
25 Oṣù Karùn-ún, 8:31 alẹ́

Tíṣà, mo rí àwọn kan lọ́dún tó kọjá tí ìdí wọn ti já, ohun funfun bí ẹfun ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń rìn, wọ́n ń fò. Ó bà mí lẹ́rù gan-an.

TíṣàKòkòrò
25 Oṣù Karùn-ún, 9:10 alẹ́

Àrùn ni, ẹ̀gbọ́n. Irú èbu kan tó ń jẹ́ Massospora ló ń fà á. Inú ilẹ̀ ló ti ń mú wọn bí wọ́n ṣe ń jáde bọ̀. Á jẹ inú ikùn wọn, ìdí á já, ẹfun yẹn ni irúgbìn èbu náà, ó ń dà sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá fò dé. Ó ń ṣe èròjà kan nínú ara wọn tó jọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, kòkòrò tó yẹ kó ti kú á wá máa sáré kiri. Èyí tó burú jù ni pé akọ tó ní àrùn yìí á máa ta ìyẹ́ bí abo, akọ mìíràn á wá bá a, òun náà á kó o. Kò lè ran ènìyàn, kò lè ran ajá.

Àgbẹ̀Kókó_Ìkirè
26 Oṣù Karùn-ún, 6:02 àárọ̀

Ó ṣe mí láàánú o. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọn kì í jẹ ẹ́ níbẹ̀ ni? Ìrẹ̀ tí a bá yan, tí a fi iyọ̀ àti ata gígún sí, ẹran ni.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
26 Oṣù Karùn-ún, 1:45 ọ̀sán

Bàbá Àgbẹ̀, àwọn kan ń jẹ ẹ́ níbí. Wọ́n ń ṣà á lálẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, tó ṣì rọ̀, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á dín in. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba edé tàbí alákàn kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu, mọ̀lẹ́bí edé ni kòkòrò. Àjọ FDA, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2021. Èmi náà kò ní ṣà á nídìí igi tí wọ́n bá ti fọ́n oògùn sí lágbègbè rẹ̀ láti ọdún 17 wá.

Ohun kan tí ẹ ò tíì sọ: ní òpin Oṣù Keje 2021, ní agbègbè Washington, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún àwọn ènìyàn, kókó pupa sú sí wọn lọ́rùn àti léjìká. Kòkòrò bíńtín kan tí ojú kò lè rí, tó ń jẹ ẹyin sìkédà lórí igi óákù, ni wọ́n fura sí. Atẹ́gùn ló ń gbọ̀n ọ́n dànù sórí ènìyàn. Bàbá Fọlákẹ́, nígbà tó bá di ìparí Oṣù Keje, ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa jókòó pẹ́ lábẹ́ óákù, kó sì máa wẹ̀ tó bá wọlé.

BàbáFọlákẹ́_Ohio
27 Oṣù Kẹfà 2025, 7:55 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ariwo ti dákẹ́ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré. Nǹkan kan kò ṣe ewédú ìyàwó mi, a ti ja á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀n bo píìsì àti ápù kan dáadáa, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ya ti ápù kejì lọ́jọ́ kan tí a ò sí nílé, orí ẹ̀ka mẹ́ta ti ń gbẹ, ewé wọn pọ́n. Kí n gé wọn?

Ohun kejì: ẹni tó ni ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní òun máa gé gbogbo igi ibẹ̀ nígbà ìkórè láti kọ́lé. Àwọn ọmọ tó bá wọlẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́?

TíṣàKòkòrò
27 Oṣù Kẹfà, 9:20 alẹ́

Wọ́n á kú. Kò sí igi, kò sí gbòǹgbò, ọmọ kò sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbòmíràn lábẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀wọ́ Kọkànlá ṣe parẹ́ ní Connecticut àti agbègbè rẹ̀. 1954 ni wọ́n rí wọn kẹ́yìn. Nígbà tí ọdún 17 tún pé, ẹnì kankan kò jáde.

Ní ti ẹ̀ka ápù, tí ẹ bá gé e báyìí tí ẹ kó o dànù, ẹyin inú rẹ̀ á bá a lọ. Tí ẹ bá lè fara dà á di àárín Oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ á ti bọ́ sílẹ̀, igi náà kò sì ní kú nítorí ẹ̀ka mẹ́ta.

BàbáFọlákẹ́_Ohio
3 Oṣù Kẹjọ 2025, 5:16 ìrọ̀lẹ́

A ò gé e. Lánàá ni mo tẹ́ aṣọ dúdú kan, àjákù ìró ìyàwó mi tó ti gbó, sábẹ́ ẹ̀ka ápù náà, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan máa bọ́. Lọ́sàn-án òní, Fọlákẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ikùn pẹ̀lú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, ó ké sí mi. Àwọn nǹkan kan wà lórí aṣọ náà, funfun, wọn ò tó hóró ìrẹsì tí a fọ́ sí mẹ́ta, ojú wọn pupa, wọ́n ti ní ọwọ́ alákàn yẹn. Wọ́n ń rìn lọ sí etí aṣọ. Ó ka 31 kó tó ṣì í kà.

A rọra fa aṣọ náà kúrò lábẹ́ wọn. Kò pẹ́ rárá, a ò rí wọn mọ́, ilẹ̀ ti gbà wọ́n. Ọmọ ọdún 23 ló máa jẹ́ nígbà tí wọ́n bá jáde ní 2042. Ó ní kí n má gbé ẹ̀rọ agékoríko gba ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti fi igi mẹ́rin àti okùn sọgbà yí i ká.